Ewéko Olúgbóyèga

"Ewé keje rèé," Beatrice wí, ó sì gbé e ka àtẹ́lẹwọ́ han Owólabí. Etí ewé náà ti dúdú, àmì róbótó-róbótó sì kún ara rẹ̀.

Owólabí, tó ń gbé ilé ìsàlẹ̀ nínú búlọ́ọ̀kù kan náà ní Festac, ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ Olúgbóyèga, ọkọ Beatrice, kí ọkùnrin náà tó kú ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn. Ìrọ̀lẹ́-ìrọ̀lẹ́ ló ń gòkè wá wo ìyàwó ọ̀gá rẹ̀. Ó yẹ ewé náà wò síwá sẹ́yìn, ó ní oòrùn ló pọ̀ jù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, oòrùn tí kò tó ló sọ.

Ọ̀rọ̀ náà ti tojú sú Beatrice. Lọ́jọ́ tí wọ́n kó wá láti Súrùlérè, Olúgbóyèga gbé ewéko yìí lé itan ara rẹ̀ nínú ọkọ̀, kò jẹ́ kí alágbàrù kankan fọwọ́ kàn án. Àwọn ẹbí ti pín aṣọ rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tó fi sílẹ̀ nínú ilé, ewéko náà nìkan ló ṣì lẹ́mìí. Bí ó bá kú, Beatrice mọ̀ pé òun á tún ọ̀fọ̀ náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì ní agbára rẹ̀ mọ́.

Gbogbo ẹni tó bá gòkè wá ló di dókítà ewé. Àwọn ìyá ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ní kó fi omi ọṣẹ nu àwọn ewé; ó nù wọ́n. Wọ́n ní kó gé èyí tó ti bàjẹ́ dànù. Ó gé e. Nígbà tí èèrà bẹ̀rẹ̀ sí í tò wọ inú ìkòkò, wọ́n ní èèrà ló ń jẹ gbòǹgbò. Ó fín oògùn kòkòrò sí i. Èèrà lọ lọ́jọ́ Ajé, wọ́n padà dé lọ́jọ́rú.

Ó gbé kọfí fún Owólabí, tó ti jókòó sí àga ẹ̀gbẹ́ ìkòkò náà. Kọfí dúdú ni, tí kò ní mílíìkì, bó ṣe kọ́ ọ nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú òyìnbó. Ṣúgà nìkan ló máa ń gbé kalẹ̀ fún àlejò.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó pinnu láti pààrọ̀ erùpẹ̀ ewéko náà. Ó tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀, ó da ìkòkò dé. Erùpẹ̀ tó jáde dúdú, ó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Ó gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tún gbóòórùn rẹ̀. Kọfí ni. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Nígbà tí Owólabí dé nírọ̀lẹ́, Beatrice kò gbé ife wá. Erùpẹ̀ náà ló bù sínú àwo, tó gbé ka iwájú rẹ̀. Owólabí dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wò yín lójú kí n ní ó korò?"

"Ṣé ìwọ nìkan ni?"

Ó ní kì í ṣe òun nìkan. Àwọn ìyá ẹgbẹ́ náà ń da kọfí tiwọn síbẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ti rí àga yẹn jókòó sí.

"Ta ló kọ́ yín?"

"Ọ̀gá ló kọ́ èmi, mà. Tí ẹ bá ti wọ kíṣìnì, wọ́n á da tiwọn sínú ìkòkò yìí, wọ́n á ṣẹ́jú sí mi. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń bu omi púpọ̀ lé e lẹ́yìn náà; àwa kò ṣe bẹ́ẹ̀."

Ọdún mọ́kànlélógún ni Beatrice fi ń po kọfí náà láràárọ̀, tó ń gba ife òfìfo padà, tí ọkọ rẹ̀ ń sọ pé ó dùn. Ó dùn ún wọra. Ẹ̀rín sì tún ń pa á, kò mọ èyí tó yẹ kó ṣáájú.

"Kí ni ọ̀gá rẹ wá fẹ́ràn gan-an?"

"Ògì ni, mà. Ògì gbígbóná, tó ní mílíìkì dáadáa. Wọn kì í mu nǹkan mìíràn ní ọ́fíìsì."

Beatrice ní kó dìde, kó jókòó. Ó wọ kíṣìnì, ó po ògì ife méjì, ó ṣí agolo mílíìkì kan, ó sì da gbogbo rẹ̀ sí i.