Ìṣẹ́jú Méjì fún Bàbá

Láti ìgbà tí Gàníyù ti kúrò ní ilé ìwòsàn Bàbá Ògúnkúnlé láàárọ̀ ọjọ́ náà ni ara rẹ̀ kò ti gba ìjókòó. Lójú tirẹ̀, iṣẹ́ tó ṣe níbẹ̀ kò ní àbùkù. Ó so àpótí tẹlifóònù tuntun mọ́ ògiri, ó fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ tò ó, ó sì fún yàrá mẹ́fà ní láìnì kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni Ìwó, Kuta àti Ilé-Ogbó yóò máa pè tí wọ́n bá fẹ́ áńbúláńsì. Tí ẹni àkọ́kọ́ kò bá gbé e, àpótí yóò gbé ìpè náà fún ẹnì kejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí kan ẹnì kẹfà.

Ta wá ni ẹni àkọ́kọ́? Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Nọ́ọ̀sì Fọládé, olórí yàrá ìgbẹ̀bí, ló máa ń jókòó ti fóònù ṣáá, ṣùgbọ́n kò tíì pé ogójì ọdún. Bàbá Ògúnkúnlé, dókítà tó dá ilé ìwòsàn náà sílẹ̀, ti lé ní ọgọ́rin. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa nílé, ṣé yóò kọ orúkọ Fọládé lé orúkọ Bàbá lórí? Gàníyù kò lè ṣe é. Ó fi Bàbá ṣe àkọ́kọ́, ó fi ọjọ́ orí to ìyókù lọ bí ẹni tó ń pín ẹran Iléyá, Fọládé sì bọ́ sí ìkẹfà. Ó tún wá rántí pé ọ̀pá ni Bàbá fi ń rìn. Kí ìpè má baà fò wọ́n kí wọ́n tó dé ìdí fóònù, ó fún wọn ní ìṣẹ́jú méjì gbáko.

Ọ̀wọ̀ dára o, mi ò sọ pé kò dára. Àmọ́ ta ní ń dúró fún ìṣẹ́jú méjì tí ilé bá ń jó?

Ohun tí kò jẹ́ kí ara Gàníyù balẹ̀ ni Humairah, ìyàwó rẹ̀. Oyún àkọ́kọ́ ni, oṣù rẹ̀ ti pé, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Kuta ló sì wà. Ní aago méjì ọ̀sán, bí Gàníyù ti ń jẹ ẹ̀wà tí kò dé ọ̀fun lẹ́bàá ọjà, fóònù rẹ̀ dún. Ìyá Ràhámọ̀tù ni, àna rẹ̀.

"Gàníyù! Ẹ̀jẹ̀ ń dà lára ọmọ mi! A ti pe nọ́ńbà tí o fún wa lẹ́ẹ̀mẹrin, ó ń dún ni, ẹnikẹ́ni ò gbé e!"

"Ìyá, ṣé ẹ jẹ́ kó pẹ́ kí ẹ tó pa á?"

"Kó pẹ́ títí dìgbà wo? Ó dún títí, a pa á, a tún un pè! Mọ́tò kankan ò sí ládùúgbò. Ṣé ọ̀kadà ni kí n gbé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ lé?"

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ Gàníyù. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pa á tí wọ́n tún un pè, ọ̀dọ̀ Bàbá ló tún ń bẹ̀rẹ̀. Òun náà gbìyànjú nọ́ńbà ọ̀hún. Wọ́n ní ẹlòmíì ti wà lórí rẹ̀.

"Mo gbé! Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe ara mi!" Ó ti fò sórí ọ̀kadà kí ó tó parí ọ̀rọ̀. "Ọlọ́kadà, sáré! Má wo gálọ́ọ̀pù kankan!"

Nígbà tó dé ilé ìwòsàn, Fọládé jókòó jẹ́ẹ́, ó ń ká aṣọ ìbùsùn, fóònù iwájú rẹ̀ dákẹ́ lọ rọ́rọ́. Dírẹ́bà áńbúláńsì ń jẹ ẹ̀pà.

"Kuta! Ìyàwó mi! Ẹ̀jẹ̀!"

Fọládé kò béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti dírẹ́bà àti nọ́ọ̀sì kan jáde, òun fúnra rẹ̀ sì sáré lọ tọ́jú bẹ́ẹ̀dì. Gàníyù gba yàrá Bàbá lọ. Fóònù orí tábìlì ń ké, Bàbá ń hanrun lórí àga. Gàníyù gbé e.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ṣàánú mi," ni ohùn Ìyá Ràhámọ̀tù ń wí.

"Ìyá, èmi ni. Wọ́n ti ń bọ̀."

Igbe tí Gàníyù fi dáhùn ló jí Bàbá. Gàníyù dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ta ló ní kí tèmi kọ́kọ́ dún?" ni Bàbá bi í.

"Kò sẹ́nì kankan, sà. Ẹ̀yin lẹ dàgbà jù ni."

Bàbá na ọ̀pá rẹ̀ sí i. "Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà lónìí o, oorun ló ń sùn. Dìde. Kọ Fọládé sókè, kí o sì kọ mí sísàlẹ̀ pátápátá."

"Bàbá..."

"Kọ ọ́!"

Gàníyù kọ ọ́ sínú àpótí. Ó tún un yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mẹta, ó dìde, ó jókòó, ó lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó padà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan kí Bàbá tó ní, "Dán an wò, kí o yéé dá ọ̀nà sí mi ní kápẹ́ẹ̀tì."

Ó fi fóònù ara rẹ̀ pe nọ́ńbà náà. Kò dún lẹ́ẹ̀kejì.

"Ẹ káàsán, yàrá ìgbẹ̀bí nìyí, Fọládé ló ń sọ̀rọ̀."

Gàníyù fún fóònù mọ́ etí. "Ọkọ... ọkọ Humairah ni."

"Háà, bàbá ọmọ! Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọn wọlé ni. Ẹ̀jẹ̀ ti ń dá, a sì ti gbọ́ ọkàn ọmọ náà, ó ń lù dáadáa. Ẹ má tíì wọlé o, à ń tọ́jú wọn lọ́wọ́."

"Ṣé ó lè sọ̀rọ̀?"

"Sọ̀rọ̀ kẹ̀? Èébú ló ń bú yín bọ̀ láti Kuta! Ó ní gbogbo ìlú lẹ ń to fóònù fún, òun ìyàwó yín pè, kò rẹ́ni gbé e."

Gàníyù rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ Bàbá, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa fóònù," ó ní. "Ẹ gbé e sún mọ́ ọn, kí n máa gbọ́ bó ṣe ń bú mi."