Ọ̀rọ̀ Tí Ẹ̀rọ Sọ Kó Tó Kú

Yàrá ìsàba máa ń múni tòògbé. Ooru rẹ̀ ń fẹ́ síni lára bí èémí ẹni tó sùn, ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ oyin ń dà jáde látinú gíláàsì àpótí ẹyin, bí ẹyin bá sì fẹ́ pa, wàá máa gbọ́ ohùn ọmọ adìẹ nínú èèpo, fẹ́ẹ́rẹ́, bíi pé wọ́n ń pè ọ́ lójú àlá. Ibẹ̀ ni Baba Ẹlẹ́yin ti ń ṣọ́ ẹyin fún ọ̀gá tó ni ilé-iṣẹ́ náà.

Kọ̀ǹpútà kan tó wà nínú àpótí irin lábẹ́ tábìlì ló ń darí ooru. Láìpẹ́ yìí, ó ṣàdédé ń kú lọ́sàn-án. Baba á tẹ̀ ẹ́, á jí, á máa ṣiṣẹ́ lọ bíi pé nǹkan kan ò ṣe é, ṣùgbọ́n ẹyin tó ti tutù ti tutù. Ọ̀gá ní oorun ló ń gbé Baba lọ, tó fi ń fẹsẹ̀ gbá wáyà iná yọ.

"Oorun mi kì í kọjá orí àga," ni Baba wí. "Kò dé ìdí wáyà rí."

Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín. Ó ní bó bá tún ṣẹlẹ̀, kí Baba máa lọ sinmi nílé. Lẹ́yìn náà ló ránṣẹ́ pe àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe.

Àbúrò jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó wo ohun tí ẹ̀rọ náà ti kọ nípa ara rẹ̀. Èyí tó kọ látìgbà tó jí gbẹ̀yìn nìkan ló bá níbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, gbogbo ohun tó ń ṣe é ló ń sọ," ó ní. "Àmọ́ ibi tí iná ń gbé ró ló ń kọ ọ́ sí. Tó bá ti kú, ó tán. Ó dà bí ẹni tó ń fìka kọ̀wé sójú omi."

"A jẹ́ pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀," ni ọ̀gá wí.

"Ẹ jẹ́ kí n wá ibi tí kò ti ní parẹ́ fún un."

Ó ṣí fódà kan sórí dísìkì, ó pàṣẹ fún ẹ̀rọ pé ibẹ̀ ni kó máa kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí, ó pa á, ó tún tàn án. Ọ̀rọ̀ ìṣáájú ṣì wà níbẹ̀. Ó kù kí wọ́n dúró dè é.

Ọ̀gá jáde lọ, àbúrò jókòó ti Baba. Ohùn inú ẹyin ń pè, ojú rẹ̀ lọ. Lójú àlá, ó wà nínú ẹyin kan tó fẹ̀ bí yàrá, ògiri rẹ̀ ń tàn yòò, ẹnìkan ń fi èékánná kan èèpo níta, kò sì gbọ́ ohun tó ń sọ. Òtútù ló jí i. Àpótí ẹyin ti ṣókùnkùn. Baba náà ti sùn, ó ká ẹsẹ̀ méjèèjì sórí àga. Wáyà wà níbi tó wà. Ọ̀gá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ̀yin méjèèjì rèé," ó ní.

Àbúrò sún mọ́ tábìlì. Ó tan ẹ̀rọ, ó ṣí fódà, ó sì ń sọ ọ́ lédè èèyàn fún wọn bó ṣe ń kà á: "Fáànù ò yí mọ́. Ara mi ń gbóná. Ó ti kọjá ààlà. Mo fẹ́ pa ara mi kí n má baà jóná."

Ó tú àpótí irin náà. Ìhùùhù ọmọ adìẹ ti wé mọ́ fáànù, ó ki bí ìtẹ́ ẹyẹ.

Ọ̀gá yíjú sí Baba. "Baba, ẹ má bínú. Mo fẹ̀sùn èké kàn yín."

"Ẹ jẹ́ kí n bínú díẹ̀ ná," ni Baba wí jẹ́jẹ́. "Á lọ fúnra rẹ̀."

Ọ̀gá kúnlẹ̀, ó ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣa ìhùùhù náà kúrò. Baba ní kí àbúrò tún ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yẹn kà fóun, ó sì tẹ́tí bí ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn ìbátan tó wà lọ́nà jíjìn.

"Ó pẹ́ tó ti ń ké," ó ní, ó sì rọra gbé ọwọ́ lé àpótí irin náà.