Fóònù Tó Ti Rábíátù Lọ́fun Pa

Ẹ jẹ́ kí n sọ àlá tí Rábíátù lá lọ́sàn-án Jímọ́ọ̀ tó kọjá fún yín, bó ṣe sọ ọ́ fún mi gan-an.

Aránṣọ ni Rábíátù, Ìlọrin ló ń gbé. Fóònù rẹ̀ bọ́ sínú omi ìfọṣọ, kò sì jí mọ́. Ìyẹn ló gbé e dé ìsọ̀ àwọn tó ń ta fóònù láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó rí méjì níbẹ̀. Ọ̀kan rẹwà, owó rẹ̀ kò sì pọ̀, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ Ohùn-Gbayì ló ni ín, wọ́n sì ti tì í pa: síìmù tiwọn nìkan ló ń gbà. Ìkejì wọ́n jù ú lọ, àmọ́ síìmù tó bá wù ọ́ ni kí o fi sí i. Ìyá Rábíátù, tí ara rẹ̀ kò yá, wà lábúlé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ohùn-Gbayì kò sì dé ibẹ̀ rárá. Rábíátù mọ̀. Síbẹ̀, ọkàn rẹ̀ fà sí èyí tó rẹwà. Ó délé, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní kí òun sinmi díẹ̀ kí òun tó padà lọ rà á. Bí oorun ṣe gbé e lọ nìyẹn.

Lójú àlá, ìsọ̀ náà ti kúrò nílẹ̀. Ó léfòó lókè títì bí ìkùukùu, wáyà ṣájà sì ń fì láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wálẹ̀. Rábíátù di wáyà náà mú, ó gùn ún lọ. Kò yà á lẹ́nu. Ohun tó ń rò ni pé kí ìró òun má tú.

Ọ̀gá ìsọ̀ jókòó, ó so táì mọ́rùn. Fóònù méjèèjì dìde lórí tábìlì, wọ́n kí i.

"Ẹ mú mi, màmá," èyí tó rẹwà sọ. "Mi ò ní wọ̀ yín lọ́rùn."

"Kí ẹ tó mú un, ẹ bi í pé ta ló ni ín," ìkejì sọ jẹ́jẹ́.

Rábíátù mú èyí tó rẹwà. Ó ki síìmù rẹ̀ bọ̀ ọ́. Fóònù náà gé e níka jẹ, ó tu síìmù sílẹ̀.

"A ò mọ irú èyí nílé wa," ó ní.

Rábíátù bẹ ọ̀gá pé kó gba nǹkan rẹ̀ padà. Ọ̀gá mirí.

"Màmá, kì í ṣe fóònù nìkan la máa ń tì. Ẹni tó rà á náà, a máa ń tì í."

Ó nawọ́, ó tẹ òǹtẹ̀ tútù kan mọ́ ọn lọ́fun. Nǹkan kan sì dún níbẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n yí kọ́kọ́rọ́.

Rábíátù yọjú lójú fèrèsé. Ìyá rẹ̀ dúró lórí títì nísàlẹ̀, ó ń juwọ́ sí i. Rábíátù la ẹnu kó pè é. Ohùn tó jáde kì í ṣe tirẹ̀. Ohùn obìnrin kan tí kò mọ̀ rí ni, ó mọ́ tónítóní, ó sì tutù: "Ẹni tí ẹ ń pè kì í ṣe ọ̀kan lára wa." Ó tún gbìyànjú, ohùn yẹn tún sọ ọ́. Ìyá rẹ̀ gbọ́, ó sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí wò yíká bí ẹni tọ́mọ rẹ̀ sọnù lọ́jà. Jìnnìjìnnì bo Rábíátù.

Ó yíjú sí ọ̀gá. Ọ̀gá ti di ewúrẹ́. Táì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń jẹ ìwé àdéhùn. Rábíátù kúnlẹ̀ fún un, torí ọ̀gá náà ṣáà ni, ó nawọ́ sí ọ̀fun ara rẹ̀.

"Kọ́kọ́rọ́ yẹn? Mo ti jẹ ẹ́ mọ́ èèpo iṣu," ewúrẹ́ ní. "Ẹ fara balẹ̀. Tó bá yá, ẹ ò ní rántí ẹni tí ẹ fẹ́ pè mọ́."

Ìsọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ròkè. Ìyá rẹ̀ ń kéré sí i nísàlẹ̀, títí ó fi dà bí hóró ẹ̀wà.

"Ẹ fò," fóònù kejì sọ.

Rábíátù gbé e mọ́yà, ó fò. Bó ṣe ń já bọ̀, ó rí i tí ìyá rẹ̀ kẹ̀yìn sí i, tó ń lọ.

Ariwo ilẹ̀kùn ló jí i. Ọkọ rẹ̀ ló ń kàn án.

"Ìyá Múínà, ṣé kò sí o? Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kanlẹ̀kùn."

Aṣọ rẹ̀ ti rin fún òógùn. Kò lè dáhùn. Ẹ̀rù ń bà á pé ohùn obìnrin yẹn ni yóò jáde. Ó ṣílẹ̀kùn, ó nawọ́ sí fóònù ọkọ rẹ̀, èyí tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ ń dé abúlé. Ọkùnrin náà wò ó lójú, ó gbé e fún un.

Ó pe ìyá rẹ̀. Ìyá gbé ìpè náà.

"Ìyá mi," Rábíátù ní. Oorun ti mú kí ohùn rẹ̀ há.

"Ta nìyẹn?" ìyá béèrè. "Mi ò mọ ohùn yìí."

Rábíátù húkọ́, ó tún un sọ. "Èmi ni, Ìyá. Èmi ni." Ó ń sọ ọ́ ṣáá, kò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ ráyè sọ̀rọ̀, àfìgbà tó gbọ́ ẹ̀rín lódìkejì.

"Àṣàkẹ́," ìyá rẹ̀ fi oríkì rẹ̀ pè é. "Ṣé o ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni?"