Mẹ́rìnlá Ọwọ́ Jàmíátù

Ẹni tí òrùlé rẹ̀ ò jò ló lè fi aránṣọ tó ń gbé abọ́ kiri ṣọ́ọ̀bù ṣẹ̀rín. Ní ọdún 1994 yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni òjò ìlú Ìlá ba léèsì oníbàárà jẹ́ mọ́ Jàmíátù lọ́wọ́. Ẹnì kẹta búra pé bí òun bá tún gbé aṣọ wá síbẹ̀, kí wọ́n pe òun ní wèrè. Ìgbà náà ni ṣọ́ọ̀bù kan ṣófo lẹ́nu ọ̀nà ọjà, páànù tuntun lórí rẹ̀, gbogbo aránṣọ sì ń fẹ́ ẹ. Kí ìjà má baà bẹ́, Bàbá Fádípẹ̀, alága ẹgbẹ́ aránṣọ, ní kí wọ́n fi eré káàdì wọ́ọ̀tì yanjú ẹ̀. Ẹni tó bá borí ni yóò gba kọ́kọ́rọ́.

Bàbá fúnra rẹ̀ ló kọ òfin eré sára páálí, tó fi í kọ́ ògiri. Wọ́n ta káàdì láti àárọ̀ títí ó fi ku Jàmíátù àti Bọ̀ọ̀dá Àlàó, ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ mú ju sísọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ.

"Láàsì káàdì!" ni Jàmíátù pariwo. Káàdì kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ ẹ̀. Àlàó ju róbótó onínọ́ńbà méje. Jàmíátù bá la róbótó onímẹ́rìnlá mọ́lẹ̀, èyí tó ń rán alátakò lọ mú káàdì sí i lọ́jà, ìyẹn òkìtì káàdì tó wà láàárín.

"Mo parí!"

"O parí kẹ̀?" Àlàó na ìka sí ògiri. "Ka òfin! 'Ẹni tó bá ju oókan tàbí mẹ́rìnlá gbọ́dọ̀ tún ju òmíràn lé e.' Òmíràn ọ̀hún dà? Lọ mú káàdì lọ́jà, jàre!"

Bàbá Fádípẹ̀ wo páálí, ó bọ́ awò ojú, ó nù ún, ó tún wò ó. Èèmọ̀ rèé! Ẹni tó kọ òfin ò mọ ohun tó kọ.

"Ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn lóòótọ́," ló ń kùn. "N ò ronú kan ẹni tí káàdì tán lọ́wọ́ ẹ̀."

Omi lé sójú Jàmíátù. Ó na ọwọ́ sí káàdì ọjà.

"Má fọwọ́ kàn án!" Àǹtí Sàrátù, aránṣọ kan tó ti já kúrò nínú eré, tó ń jẹ gúgúrú lẹ́yìn wọn, ló fọhùn. "Bọ̀ọ̀dá Àlàó, ṣé kì í ṣe oókan lẹ fi parí nígbà tí ẹ nà mí láàárọ̀ yìí? Èwo lẹ tún jù lé e?"

Àlàó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka páálí, àmọ́ Àǹtí Sàrátù ò dẹ̀ ẹ́ lọ́rùn.

"Tó bá rí bí ẹ ṣe wí, èmi ló yẹ kí n wà lórí àga yẹn. Ẹ dìde fún mi!"

Ẹ̀rín sọ. Bàbá Fádípẹ̀ ní, "Àlàó, pàṣán tí a fi na ìyáálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Bí Jàmíátù bá lọ ọjà, ìwọ lo máa ṣíwájú rẹ̀ lọ. Èwo lo fẹ́?"

Àlàó ṣí fìlà, ó họrí, òun náà bú sẹ́rìn-ín. "Ó ti parí, ẹ̀yin èèyàn. Ẹ fún un ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀."

"Alihamudulilahi!" Jàmíátù kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, ó ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù tuntun nígbà tí òjò dé wìì. Ó fò dìde, ó gbá abọ́ mú, ó ń wá ibi tí yóò gbé e sí. Ó wòkè, ó wolẹ̀. Kò síbi tó ń jò. Ó dúró báyìí pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀, ara rẹ̀ wá balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Nígbà tí òjò dá, ó ra gúgúrú kún abọ́ náà, ó sì gbé e lọ fún Àǹtí Sàrátù.