Àna Tó Ní Ìràwọ̀ Lórí Orúkọ

4.

…kò sì ní àbùkù kankan, ìyẹn gan-an ló ń bí Alhaji Múrítàlá nínú. Besnik, ọmọ Kosovo, ń kírun. Ó ń bọ̀wọ̀ fágbà. Hameedat, àbíkẹ́yìn Alhaji, ní Besnik ni òun máa fẹ́. Bàbá sì ni walí: bí kò bá fọwọ́ sí i, kò sí yìgì.

5. ÌWÁDÌÍ

Nínú ẹbí Múrítàlá, a kì í fọmọ fún ẹni tí a ò wádìí ilé rẹ̀. Ó tẹ Ìbàdàn láago. Kò sẹ́ni tó mọ ẹnikẹ́ni ní Kosovo. Ó wo àwòrán ayé tó kọ́ sí palọ̀ rẹ̀ ní Scarborough, ní Canada.

Kosovo ò sí níbẹ̀.

Àwòrán náà ti pẹ́.

6.

ALHAJI: Ṣé orílẹ̀-èdè ni àbí kì í ṣe orílẹ̀-èdè?

HAMEEDAT: It is, Daddy. Canada ti recognise wọn tipẹ́.

ALHAJI: Europe tí wọ́n fẹ́ wọ ẹgbẹ́ wọn ńkọ́?

HAMEEDAT: Ó ku márùn-ún tí ò tíì gbà nínú mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.

ALHAJI: Tí wọ́n bá dá ẹ dúró ní bodè ńkọ́?

HAMEEDAT: Màá pe Daddy mi.

7. WHATSAPP ẸBÍ

Àwọn tó ń bọ̀ wá jẹ Iléyá nílé mi:
Oyèbísí
Síkírù
Hameedat
Besnik\*

\* Dídárúkọ rẹ̀ níbí kò túmọ̀ sí pé mo ti gbà á ní àna.

8.

Síkírù, àbúrò Alhaji, bèèrè pé kí ni ti ìràwọ̀.

Inú ìwé àwọn ará Europe ló ti rí i. Bí wọ́n ṣe ń kọ Kosovo nìyẹn: wọ́n á fi ìràwọ̀ sí i, wọ́n á wá ṣàlàyé nísàlẹ̀ pé àwọn ò tíì sọ pé orílẹ̀-èdè ni. Ẹ wo àgbàlagbà tó wá ọgbọ́n lọ sí Brussels kó má baà sọ bẹ́ẹ̀ ni, kó má sì sọ bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ó fẹ́ràn ọmọ náà. Ẹ̀rù ló ń bà á pé ibi tí òun ò mọ̀ ni yóò mú Hameedat lọ.

9.

Lọ́jọ́ Iléyá, abọ́ Besnik ni Alhaji bu ẹran tó tóbi jù sí.

10. VIDEO CALL, PRISHTINA NÍ KOSOVO

(Besnik ló ń ṣe ògbufọ̀. A ti sọ gbogbo rẹ̀ di Yorùbá.)

ÌYÁ BESNIK: Ẹ kú ọdún. Ọmọ yín wù mí. Ṣùgbọ́n àwa náà máa ń wádìí ilé. Mo bèèrè káàkiri, kò sẹ́ni tó mọ̀ yín.

ALHAJI: Wọ́n mọ̀ wá dáadáa ní Ìbàdàn.

ÌYÁ BESNIK: Mi ò mọ ẹnikẹ́ni ní Ìbàdàn.

11.

Ojú ti Alhaji. Ó wo Hameedat. Ó wo ọmọkùnrin tó máa ń fi mọ́tò gbé e lọ kírun Jímọ̀ látìgbà tí orúnkún ti ń dùn ún.

12.

ALHAJI: Sọ fún wọn pé ìwọ mọ̀ mí.

(Besnik sọ ọ́. Ìyá rẹ̀ fèsì.)

BESNIK: Wọ́n ní, ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ mọ èmi Besnik?