Ìlà Kẹrin Ẹ̀kọ́ Karùn-ún

Ọjọ́ Àìkú kan ni, ní oṣù Kọkànlá ọdún 1998. Wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì dé, wọ́n ti jẹun ọ̀sán tán, Phebe Ọlọ́rundáre sì fa àga sẹ́bàá fèrèsé nínú ilé wọn ní Iléṣà, ó ní kí òun yẹ ẹ̀kọ́ karùn-ún òun tí wọ́n ti tẹ̀ jáde wò. Kì í ṣe pé ó fẹ́ tún un ṣe. Ẹ̀kọ́ náà ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ láti Ọjọ́bọ̀. Ó kàn fẹ́ fi inú dídùn wo iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ni, bí ènìyàn ṣe ń wo aṣọ tí télọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rán tán.

Olùkọ́ kẹ́mísìrì tó gboyè dókítà ní yunifásítì ni Phebe, ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń kọ́ni. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn ni yunifásítì mẹ́fà kárí orílẹ̀-èdè fi ohùn ṣọ̀kan pé olùkọ́ ò tó mọ́, àwọn tó mọṣẹ́ ti ń sá lọ sókè òkun, nítorí náà kí àwọn jọ ní kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tí gbogbo àwọn yóò máa lò. Ẹnì kan yóò kọ ẹ̀kọ́, wọn yóò tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì kan ní Òṣogbo, wọn yóò fi í ránṣẹ́ gba inú wáyà tẹlifóònù, yunifásítì kọ̀ọ̀kan yóò sì gbà á sórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, yóò tẹ̀ ẹ́ jáde fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọjọ́ kan náà, wákàtí kan náà ni gbogbo wọn yóò máa ṣe iṣẹ́ láàbù. Phebe ni wọ́n yàn pé kó kọ ti kẹ́mísìrì ọdún kìíní.

Ó ka ìlà kìíní, ó ka ìkejì, ó ka ìkẹta. Nígbà tó dé ìlà kẹrin, ojú rẹ̀ dúró síbẹ̀.

Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ wọn ásíìdì sínú bíkà, ife gíláàsì láàbù, kó sì rọra da omi lé e lórí.

Ó tún un kà. Ásíìdì tí wọ́n fẹ́ lò kì í ṣe èyí tí wọ́n ti fi omi là fún bátìrì mọ́tò. Ògidì ni. Ásíìdì ni wọ́n ń dà sínú omi, díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá yí i padà, tó da omi lé ògidì ásíìdì, omi náà yóò hó lójijì, yóò sì ta ásíìdì sókè sí ẹni tó tẹrí wò ó. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ kejì ni iṣẹ́ láàbù náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní ẹgbẹ̀rún ni yóò dúró ti tábìlì pẹ̀lú ìwé yẹn lọ́wọ́.

Nínú kíláàsì tirẹ̀, bó bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, yóò rí i lójú àwọn ọmọ, yóò sì yára tún un sọ. Àwọn wọ̀nyí, kò rí ojú wọn rí.

Nehemiah ọkọ rẹ̀ jáde láti inú yàrá, ó rí bí ojú rẹ̀ ṣe rí, ó béèrè ohun tó ṣe é. Phebe ṣàlàyé. Nehemiah ní ẹnikẹ́ni tó bá mọ nǹkan díẹ̀ nípa láàbù yóò rí i pé àṣìṣe ni. Phebe dá a lóhùn pé nítorí pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ò sí níbẹ̀ mọ́ ni wọ́n ṣe dá kọ́ọ̀sì náà sílẹ̀. Ọkọ rẹ̀ gbé tẹlifóònù wọn, kò dún. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí kò ti dún. Epo bẹntiróòlù wọ́n lásìkò náà, èyí tó kù nínú ọkọ̀ wọn lè gbé ènìyàn dé Òṣogbo, ṣùgbọ́n kò lè gbé e padà.

"Máa gbé ọkọ̀ lọ, Ìyá Tiwátọ́pẹ́," ni Nehemiah wí. "Tó o bá dé ọ̀hún ká tó máa rò ó bí wàá ṣe padà."

Òun fúnra rẹ̀ mú ìwé nọ́ńbà àwọn yunifásítì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó ní òun ó máa lọ láti ilé dé ilé títí òun ó fi rí ẹni tí tẹlifóònù rẹ̀ ń ṣiṣẹ́.

Lójú ọ̀nà, Phebe ń fojú inú rí àwọn ọmọ tí kò mọ̀, tí wọ́n da orí bo bíkà. Bó ṣe ń wakọ̀ lọ ló ń gbàdúrà pé kó jẹ́ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ló ṣì í tẹ̀. Ó mọ̀ pé àdúrà burúkú ni, ó sì ń gbà á lọ.

Mùyídéènì Àkànó ni orúkọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin náà ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún. Iṣẹ́ tẹlígíráàmù ló ṣe ní ilé iṣẹ́ reluwé títí ọkọ̀ ojú irin fi dàwátì, tí ìjọba ìpínlẹ̀ wá gbà á sí ọ́fíìsì Òṣogbo yẹn. Níbẹ̀ ló ti kọ́ kọ̀ǹpútà nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń múra àtifẹ̀yìntì. Nígbà tí Phebe dé ilé rẹ̀ lẹ́bàá ibùdókọ̀ ojú irin àtijọ́ ní Òṣogbo, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kí ìrun alásárì tán ni. Ó tẹ́tí gbọ́ ọ láì já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rù ti jẹ́ kí obìnrin náà máa sọ Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé sí i. Lẹ́yìn náà ó wọlé lọ mú kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì.

Kò síná ní ọ́fíìsì. Bàbá Àkànó ṣí fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé, ó fa fáìlì ẹ̀kọ́ karùn-ún yọ, ó sì gbé e sórí tábìlì.

"Ṣé èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, mà?" ló béèrè.

Phebe ṣí fáìlì náà, ìwé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ wà nínú rẹ̀. Bírò aláwọ̀ búlúù ni, ọwọ́ ìkọ̀wé tirẹ̀ tó tẹ̀ sápá ọ̀tún. Ìlà kẹrin wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú èyí tí wọ́n tẹ̀. Ó rántí ọjọ́ tó kọ ọ́. Ó ti rẹ̀ ẹ́, wọ́n ń retí ẹ̀kọ́ náà, kò sì padà kà á kó tó fọwọ́ sí i. Ìwé kan ṣoṣo yìí ni ẹ̀rí tó wà. Bó bá ká a sínú báàgì rẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò gba ọ̀rọ̀ akọ̀wé gbọ́ ju ti dókítà lọ. Ẹ̀rù ara rẹ̀ bà á nígbà tí èrò náà wá sọ́kàn rẹ̀.

"Rárá, Bàbá," ló wí. "Èmi ni mo kọ ọ́. Ẹ wò ó, ọwọ́ mi rèé."

Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀, ó jókòó.

Jẹnẹrétọ̀ wà, epo ni kò sí. Wọ́n fi rọ́bà fa èyí tó kù nínú ọkọ̀ Phebe, wọ́n dà á sínú rẹ̀, iná tàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Bàbá Àkànó gbé tẹlifóònù ọ́fíìsì, ó dákẹ́ bí òkúta. Ó jáde lọ wá ẹnì kan tó mọ̀ nídìí iṣẹ́ wáyà. Ó padà dé, ó ní ọkùnrin náà sọ pé àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wáyà àdúgbò náà yóò tó padà bọ̀ sípò, wọ́n sì pa jẹnẹrétọ̀ kí epo má baà tán. Nọ́síràtù ìyàwó Bàbá Àkànó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún Phebe, ṣùgbọ́n kò pa ojú dé.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni wọ́n padà sí ọ́fíìsì. Wáyà ò tíì dé. Aago méje, kò tíì dé. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago méje ààbọ̀ lù, wáyà dé. Bàbá Àkànó so ó mọ́ àpótí kékeré ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà tó ń gbé ọ̀rọ̀ gba inú wáyà, àpótí náà súfèé, ó han gooro, ó sì dákẹ́. Wọ́n tún un ṣe, ó tún já. Bàbá Àkànó da etí bò ó, ó ní òun mọ ìró tó yẹ kó ṣe. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó mú. Ohun tí Phebe ti kọ sílẹ̀ wọlé lọ ní lẹ́tà ńláńlá: Ẹ má ṣe iṣẹ́ láàbù ẹ̀kọ́ karùn-ún. Àṣìṣe wà ní ìlà kẹrin. Yóò jó ènìyàn. Ẹ fèsì.

Èsì àkọ́kọ́ dé ní aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀. Òmíràn tẹ̀ lé e. Ní ọ̀kan, Nehemiah ti bá wọn sọ̀rọ̀ láti alẹ́. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́jọ kọjá ogójì ìṣẹ́jú, márùn-ún ti fèsì. Ìkẹfà kò sọ nǹkan kan. Yunifásítì tuntun kan ni, lókè Ọya lọ́hùn-ún. Olùkọ́ kẹ́mísìrì kan ṣoṣo ni wọ́n ní, ẹni náà sì ti rìnrìn àjò.

Phebe bẹ̀rẹ̀ sí í pe nọ́ńbà wọn. Ó ń dún, ẹnikẹ́ni ò gbé e. Ó tún un pè. Aago mẹ́sàn-án lù. Ó ń pè é lọ, ìka rẹ̀ ń yọ̀ lórí nọ́ńbà. Nígbà tó kọjá mẹ́sàn-án ní ìṣẹ́jú méjìlá, akọ̀wé obìnrin kan gbé e. Phebe sọ ọ̀rọ̀ náà ní gbólóhùn méjì. Obìnrin náà gbé tẹlifóònù kalẹ̀ láì pa á, ó sì sáré jáde. Phebe gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, ó gbọ́ tí ilẹ̀kùn kan gbá. Lẹ́yìn náà, láti ibi tó jìnnà, ó gbọ́ igbe kan ṣoṣo.

Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ kí ẹnì kan tó tún gbé tẹlifóònù náà, ṣùgbọ́n títí di òní, bí Phebe bá ń sọ ọ́, ó máa ń pè é ní wákàtí kan. Béjidé ni ẹni tó gbé e, òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú láàbù wọn. Ó ní òun ti dá gbogbo kíláàsì dúró, àmọ́ ọmọbìnrin kan ti da omi lé ásíìdì kí akọ̀wé tó wọlé. Kàósárà lorúkọ rẹ̀.

"Ojú rẹ̀ ńkọ́?" ni Phebe béèrè.

"Wọ́n ṣì ń fi omi fọ̀ ọ́, mà. Mi ò tíì lè sọ."

Kó tó gbé tẹlifóònù sílẹ̀, Béjidé sọ nǹkan kan tí Phebe ò lè gbàgbé. Ó ní láti àárọ̀ ni ìlà kẹrin náà ti ń kọ òun lóminú, ṣùgbọ́n inú kọ̀ǹpútà ló ti wá, orúkọ dókítà sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ta wá lòun tí yóò jiyàn.

Phebe jókòó sórí àga onígi ní ọ́fíìsì náà títí di ọ̀sán. Bàbá Àkànó bu omi fún un, kò mu ún. Nígbà tí aago méjìlá kọjá, Béjidé pè. Ọmọ náà máa ń lo awò ìkàwé, awò náà ló gba ojú rẹ̀ là. Ọrùn rẹ̀ àti ọwọ́ òsì rẹ̀ jóná, ó sì wà ní ọsibítù. Phebe dorí kodò, ó sì sunkún.

Lọ́jọ́ náà ló kọ lẹ́tà sí yunifásítì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pé òun ni àṣìṣe ọ̀hún ti ọwọ́ rẹ̀ wá, kì í ṣe ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Ní oṣù Kejìlá, ìgbìmọ̀ kọ́ọ̀sì náà pè é. Ó wọlé pẹ̀lú ìbẹ̀rù pé wọn yóò lé e. Àwọn kan tilẹ̀ ní kí wọ́n dá gbogbo rẹ̀ dúró, pé kí oníkálukú padà sí kíláàsì tirẹ̀. Ìjíròrò náà le. Níkẹyìn wọ́n fẹnu kò pé ẹ̀kọ́ kankan kò gbọdọ̀ jáde mọ́ àyàfi tí ẹlòmíràn bá kọ́kọ́ ṣe é nínú láàbù láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, tó sì fọwọ́ sí i. Phebe dárúkọ Béjidé fún iṣẹ́ náà. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n ní kò ní dígírì. Phebe ní òun mọ̀, pé Béjidé nìkan ni ìlà kẹrin kọ lóminú.

Ní oṣù Kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó wọkọ̀ lọ sí òkè Ọya. Kàósárà ti padà sí kíláàsì. Ọmọ pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni, ó so ìborí rẹ̀ mọ́ ọrùn níbi tí àpá náà wà. Phebe kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì láàbù lójú àwọn ọmọ mìíràn, ó bẹ̀ ẹ́. Ọmọ náà yára kúnlẹ̀ pẹ̀lú, ó ń fà á lápá pé kó dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ló wí. "Mi ò mọ̀ pé ènìyàn kan ló kọ ọ́. Mo rò pé kọ̀ǹpútà ni."

Nígbà tí wọ́n dìde, Kàósárà mú ìwé ẹ̀kọ́ kẹfà wá, ó ní ibì kan wà níbẹ̀ tí kò yé òun. Phebe gbà á, ó kà á láti ìlà kìíní, ó rọra ń kà á, ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, òógùn sì ń bọ̀ níwájú orí rẹ̀. Ìgbà tó kà á tán tó sì dá a lójú ló tó la ẹnu láti ṣàlàyé fún un.