Ọjọ́ Mẹ́ta Ìdádúró

Kọ̀ǹpútà wà lórí tábìlì ní àárín ilé ìgbẹ̀bí tí a ń kọ́ ní Abà Láoyè, ó ń pe orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohùn obìnrin ló ní, ohùn jẹ́jẹ́ bíi ti nọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá pè á dáhùn, á sì bọ́ síbi iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tó pe Bàbá Ọláòṣebìkan, olórí àwọn bíríkìlà wa, mo fẹ́ sọ fún un pé baba ti kú, pé ó ti tó oṣù méjì tí a ti sin ín. Ṣùgbọ́n baba dáhùn láti ẹnu ọ̀nà. Ó wọlé, ó gbọn yanrìn kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i.

"Ẹnjiníà mi, o kú iṣẹ́ o," ló wí.

Ẹ̀rù kò bà mí. Inú ló ń bí mi, kí baba tó dé rárá ló sì ti ń bí mi.

Èmi ni alábòójútó iṣẹ́ náà. Àwọn tó gbé iṣẹ́ kalẹ̀ láti òkè òkun ní gbogbo ohun tí a bá ń ṣe gbọ́dọ̀ wọ inú áàpù kan, kí wọ́n lè jókòó sílé wọn kí wọ́n máa rí bó ṣe ń lọ. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àpótí kékeré tirẹ̀ nínú áàpù náà. Tó bá pupa, iṣẹ́ ti dúró nìyẹn. Tó bá ní àwọ̀ ewé, iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Ọ̀gá mi, Ọ̀gbẹ́ni Ṣógbèsan, ń wo àwọn àpótí wọ̀nyẹn láti ọ́fíìsì ní ìgboro, ìrìn wákàtí mẹ́rin sí wa. Kò dé Abà Láoyè rí.

Òjò ń rọ̀ lé wa lórí, nítorí a kò tíì kan páànù. Nínú áàpù, páànù ti parí. Ibi tí kọ̀ǹpútà wà gbẹ.

Àwọn aboyún wọlé bí òjò ṣe ń rọ̀ lọ́wọ́. Áàpù ti sọ fún wọn pé ilé ìgbẹ̀bí ti ṣí. Wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n sì dùbúlẹ̀ sórí àwọn ibùsùn tí kò sí níbẹ̀. Ẹ̀yìn wọn ga kúrò nílẹ̀ tó orúnkún mi. Mo bẹ ọ̀kan nínú wọn pé kó dìde, pé kò sí ibùsùn, kò sí nọ́ọ̀sì, kò sí omi. Ó ní òun mọ̀, pé ibùsùn náà le díẹ̀, ṣùgbọ́n ó sàn ju ilẹ̀ lọ.

Mo ṣí ilẹ̀kùn yàrá ìfọṣọ, ọ́fíìsì Ọ̀gbẹ́ni Ṣógbèsan ni mo bọ́ sí. Ògiri ibẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé láti ilẹ̀ dé òkè, ó sì tutù lọ́wọ́ bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bàbá Ọláòṣebìkan tẹ̀ lé mi wọlé. Ọ̀gá kò gbójú sókè. Ó ní kí n tètè fi iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí sínú áàpù, àwọn àlejò òkè òkun ń bọ̀. Mo ní kó wo ẹni tó wà lẹ́yìn mi. Ó wo kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó ní áàpù fi hàn pé baba wà lẹ́nu iṣẹ́, pé kò pa ọjọ́ kan jẹ rí.

Mo wá sọ gbogbo rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí baba kú, ó dúró nílẹ̀, ó na ọwọ́ sí okùn tí wọ́n fi so pákó tí àwọn bíríkìlà ń dúró lé, ó ní okùn náà ti jẹrà. Mo fẹ́ kọ ọ́ sínú áàpù, kò síbi tí mo lè kọ ọ̀rọ̀ sí. Ìbéèrè kan ló wà níbẹ̀: ṣé o ti gun pákó wò, ṣé ó lágbára? Tí mo bá tẹ bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo àpótí á pupa, ọ̀gá á sì pè mí. Mo ti tẹ bẹ́ẹ̀ kọ́ rí nítorí sìmẹ́ǹtì tó ti dì, ọ̀gá sì pariwo mọ́ mi títí fóònù mi fi kú. Nítorí náà mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní kí baba rọra lò ó títí a ó fi rí okùn tuntun. Ọ̀sán kò tíì pọ́n tí okùn fi já, tí baba sì já bọ́ láti orí pákó. Ọ́fíìsì ní kí n kọ ikú rẹ̀ sí ìdádúró iṣẹ́, nítorí kò sí àpótí fún òkú. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo kọ.

Ohùn tí mo fi sọ ọ́ ń gbọn gíláàsì fèrèsé. Ọ̀gá gbọ́ mi parí, ó wá bi mí bí ẹni tó ń béèrè ọ̀nà.

"Ibo lo fẹ́ kí n kọ ọ́ sí?"

Mo gbá kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ ògiri. Ó fọ́ sí méjì, méjèèjì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n ní iṣẹ́ ti dé ìdá mọ́kànléláàdọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Mo tún un gbá. Ó di mẹ́rin, iṣẹ́ sì tún lọ sókè sí i. Baba di ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ rẹ̀ gbóná. Ó ní ìyàwó òun ti dé.

Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún dúró láàárín wa nínú aṣọ opó. Ọ́fíìsì ti padà di ilé ìgbẹ̀bí, àwọn aboyún sì ń wò wá. Kò rí ọkọ rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó kọjú sí ọ̀gá.

"Ta ló tẹ bẹ́ẹ̀ ni?"

Ọ̀gá ní áàpù ni. Àwọn kọ̀ǹpútà mẹ́rin náà ní àwọn kò lọ́wọ́.

"Èmi ni, ìyá," mo wí. "Mi ò gun pákó náà wò."

 Kò bú mi, kò sì sọ pé kò sí nǹkan. Ó na ọwọ́ sí ògiri kan tí sìmẹ́ǹtì rẹ̀ ṣì tutù. Mo fi ìka kọ ọ́ síbẹ̀: orúkọ baba, ọjọ́ tó kú, okùn tó jẹrà, orúkọ mi, orúkọ ọ̀gá. Ìbínú ni mo fi ń kọ ọ́, ìka mi ń ṣẹ̀jẹ̀, mo sì kọ ọ́ débi tí ògiri parí sí.

Ọ̀gbẹ́ni Ṣógbèsan bọ́ kóòtù rẹ̀, ó po sìmẹ́ǹtì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ ẹ bò nítorí àwọn àlejò. Ìlà tó bá bò á tún yọ jáde lórí èyí tó rẹ́. Ó ń sunkún, kò sì dáwọ́ dúró. Baba wò ó, wò ó, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́.

"Wọn kì í rẹ́ ògiri báyìí," ló wí, ó sì gba irin ìrẹ́lé lọ́wọ́ rẹ̀.

Bó ṣe fi irin kan ògiri, ọmọ tuntun kan ké nínú rẹ̀. Baba gbé etí lé e. Ó ní kí gbogbo wa dákẹ́, a sì dákẹ́. Ọmọ náà tún ké, lápá òsì báyìí, ó ń bọ̀ sọ́dọ̀ wa díẹ̀díẹ̀ láàárín àwọn blọ́ọ̀kù.